Ọgbọ̀n Ìṣẹ́jú Lójúmọ́

Ọjọ́ tí Olúsànmí kọ́kọ́ wọ kíláàsì mi ní Mount Hope, nílẹ̀ òyìnbó níbí, mo rò pé ẹni tó wá tún hítà ṣe ni. Mo ti fi òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í bá a jà pé òtútù fẹ́ pa wá. Ó ti ka orúkọ mi lára ilẹ̀kùn, ó rẹ́rìn-ín, ó sì fi Yorùbá dá mi lóhùn.

"Ẹ má bínú, Tíṣà Ìyábọ̀dé. Tábúlẹ́ẹ̀tì ni mo kó wá, kì í ṣe ooru."

Ìwádìí ló ń ṣe ní yunifásítì, kó lè gba oyè ọ̀mọ̀wé: ṣé ẹ̀kọ́ ìṣirò tó wà lórí ẹ̀rọ náà á mú kí àwọn ọmọ mọ ìṣirò sí i? Àwọn ọmọ mi á máa lò ó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójúmọ́, oṣù márùn-ún gbáko. Mo gbà, mo buwọ́ lùwé.

Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ló ń wá wò wá. Kò sọ ju "ẹ kú iṣẹ́" àti "ṣé ẹ̀ ń lò ó?" lọ, ojú rẹ̀ ló ń sọ ìyókù. Èmi náà ò kúkú fọ́jú.

Ọjọ́ tí oṣù márùn-ún pé, ó kó ẹ̀rọ rẹ̀ sínú àpótí. Ó ní, "Òfin iṣẹ́ wa ni pé mi ò gbọdọ̀ fẹ́ ẹni tí mò ń ṣèwádìí nínú kíláàsì rẹ̀. Ó ti parí báyìí. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ máa bá mi wọ ọkọ̀ ojú omi dé St. George lódìkejì omi?"

"Ẹ̀yin wo? Èmi nìkan ni mo dúró síbí o."

A wọ ọkọ̀ ojú omi yẹn títí mo fi mọ ìjókòó tí afẹ́fẹ́ kì í dé. Mo fẹ́ràn rẹ̀, kí n má parọ́.

Àmọ́ mo ti parọ́ ná. Láti ọ̀sẹ̀ kẹta ìwádìí náà ni mo ti rí i pé àwọn ọmọ mi ò ronú mọ́. Wọ́n kàn ń tẹ ìdáhùn kan tẹ̀ lé òmíràn títí ẹ̀rọ á fi pàtẹ́wọ́ fún wọn. Inú bí mi. Mo ní kí wọ́n tan ẹ̀rọ, kí wọ́n tò ó sí ojú fèrèsé, kó máa ka ìṣẹ́jú rẹ̀ lọ. Mo da ìdérí ìgò sórí tábìlì, a fi ń pín ìdajì àti ìdá mẹ́rin, à ń jiyàn, à ń pariwo. Ọjọ́ Ẹtì tí Sànmí ń bọ̀ nìkan la máa ń gbé ẹ̀rọ.

Nígbà tí èsì ìdánwò dé, kíláàsì mi ló gba ipò kìíní nínú gbogbo kíláàsì tó ń wádìí. Sànmí kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ẹ̀rọ ló ṣe é. Mo dákẹ́, nítorí ẹ̀rù ń bà mí kí n má pàdánù rẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, ó mú mi lọ sọ́dọ̀ màmá rẹ̀ ní St. Albans. A ti ń jẹun nígbà tí Màmá di ọwọ́ mi mú.

"Ìyàwó mi, kíláàsì tìẹ ló gbé ọmọ mi ga. Ní Ọjọ́bọ̀ ló máa dúró níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n. Wọ́n ní ilé ìwé mẹ́wàá ló máa gba ẹ̀rọ náà!"

Ilé ìwé mẹ́wàá. Mo rántí àwọn ọmọ tó ń tẹ ìdáhùn láìronú, mo ti àwo mi sẹ́yìn.

"Sànmí, a ò lo ẹ̀rọ yẹn. Ọjọ́ Ẹtì nìkan ni. Ìdérí ìgò ni mo fi kọ́ wọn."

"Yéè! Iṣẹ́ ọdún mẹ́rin!" Màmá kígbe.

Sànmí ò pariwo ní tiẹ̀. "Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni mo bi ọ́ pé ṣé ẹ̀ ń lò ó. O wo ojú mi, o ní bẹ́ẹ̀ ni." Ó dìde, ó jáde. Màmá ní kí n máa lọ sílé.

Mo sunkún dé Mount Hope. Lọ́jọ́ Ajé, mo kọ gbogbo ohun tí mo ṣe sínú ìwé, mo buwọ́ lù ú, mo fún ọ̀gá ilé ìwé wa, mo sì fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí Sànmí. Ọ̀gá fún mi níwèé ìkìlọ̀. Sànmí ò pè mí. Ọjọ́bọ̀ kọjá, kò pè.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, mò ń kó ìdérí ìgò sínú àpò nígbà tó wọlé.

"Wọ́n ti sún ìgbà tí màá gboyè sí ọdún tó ń bọ̀," ló wí.

Mo kúnlẹ̀. "Dákun, dárí jì mí."

"Dìde jàre. Inú ṣì ń bí mi o." Ó mú ìdérí ìgò kan, ó ń yí i lọ́wọ́. "Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ní ìdérí ìgò yìí gan-an ni ká wádìí. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ wá jókòó níbí fún oṣù márùn-ún."

Mo rántí òfin wọn. "Ìyẹn ni pé èmi àti ìwọ..."

"Christina, akẹgbẹ́ mi, ló máa wá. Mo ti fi sílẹ̀ fún un. Kíláàsì ẹlòmíì lèmi á ti ṣe ìwádìí tèmi."

"Kí ló dé? Iṣẹ́ rẹ ni!"

"Oṣù márùn-ún ni mo fi ojú nìkan kí ọ, Ìyábọ̀. Mi ò lè ṣe é mọ́."

Omi bọ́ lójú mi. Ó ju ìdérí ìgò náà sínú àpò.

"Màmá ní kí n bi ọ́ bóyá o ti jẹun."

Ó kù díẹ̀ kí n ní mo ti yó, bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé pé ká máa wí kí wọ́n má bàa pè wá ní ọ̀jẹun. Mo wo ojú rẹ̀.

"Rárá," ni mo wí. "Ebi ń pa mí. Láti ọjọ́ Àìkú yẹn ni mi ò ti jẹun dáadáa."

Ó gba àpò ìdérí ìgò lọ́wọ́ mi, ó gbé e kọ́ èjìká. "Jẹ́ ká lọ," ló wí. "Màmá ti ń dáná."