Awo Gíláàsì Àwọn Alárìnká

Ní ìṣẹ́jú kọkànlá ni Akọrinlọ, ẹ̀rọ olórin tuntun, kú mọ́ àwọn ènìyàn lójú. Ó ti ń kọrin bọ̀ dáadáa látìgbà tí wọ́n ti tàn án, gìtá ń dún, baasi ń tẹ̀lé e, ìlù ń rọra rìn lẹ́yìn wọn, àfi bó ṣe di ohùn kan mú tí kò sì fi í sílẹ̀ mọ́. Ohùn náà kò ròkè, kò wálẹ̀. Igba ènìyàn tó jókòó sínú gbọ̀ngán ìlú Ihò-Àpáta kọ́kọ́ rò pé ara orin ni. Nígbà tó pẹ́, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, àwọn mìíràn ń fẹsẹ̀ wá bàtà wọn lábẹ́ àga. Dókítà Tẹ́júmọ́lá, obìnrin tó ṣe ẹ̀rọ náà, rìn lọ sídìí rẹ̀, ó sì pa á. Ó fẹ̀yìn ti ẹ̀rọ náà, ó sì dúró bẹ́ẹ̀ títí gbọ̀ngán fi ṣófo.

Inú òṣùpá ni Ihò-Àpáta wà. Ọgọ́rin ọdún sẹ́yìn ni àwọn ọmọ Yorùbá àkọ́kọ́ gúnlẹ̀ síbẹ̀ láti wa omi dídì. Wọ́n rí i pé ìta kò ṣe é gbé, ni wọ́n bá wọnú ihò gígùn kan tí iná abẹ́ ilẹ̀ gbẹ́ sílẹ̀ láyé àtijọ́, wọ́n sì kọ́lé síbẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń mí, ẹ̀rọ ló ń fọ̀ ọ́. Omi tí wọ́n ń mu, ẹlòmíràn ti mu ún rí. Iṣẹ́ pọ̀, ìsinmi kò tó nǹkan. Ohun kan ṣoṣo tí kì í ṣe àlòtúnlò nínú ìlú náà ni orin Àwọn Alárìnká.

Ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì ni wọ́n, ènìyàn mẹ́rin. Wọn kì í ṣe ìdánrawò, wọn kì í sì í kọ orin kan bákan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó ń ta gìtá á ju nǹkan sílẹ̀, ẹni tó wà nídìí dùùrù á gbé e, wọ́n á sì jọ máa bá a lọ síbi tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò mọ̀. Orin kan lè gba ogójì ìṣẹ́jú. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni wọ́n ń ṣeré, lọ́jọ́ ìsinmi, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, fún ọdún mẹ́rìnlélógún. Àwọn àgbàlagbà wà ní Ihò-Àpáta tí wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ fún odidi oṣù kan nítorí pé ọ̀kan sọ pé orin “Ọ̀nà Tútù” ti ọjọ́ tí wọ́n ṣí kànga kẹta dùn ju ti ọjọ́ tí omi ya wọ ilé ìdáná ìlú.

Ẹni tó gba gbogbo eré wọ̀nyẹn sílẹ̀ ni Ìbísànmí. Òun ló ń fi etí-ẹ̀rọ mẹ́jọ kọ́ òrùlé gbọ̀ngán, àwọn nǹkan kéékèèké bí orí abẹ́rẹ́ tó ń gbọ́ ohun gbogbo, tó sì ń tẹ̀ ẹ́ sínú awo gíláàsì. Awo ẹgbẹ̀ta ó lé mọ́kànlá ló wà nínú ilé rẹ̀, ó fi aṣọ wé ìkọ̀ọ̀kan wọn. Ọkọ rẹ̀, Ṣówándé, ló ń lu ìlù fún ẹgbẹ́ náà. Ó ti kú láti ọdún mẹ́sàn-án. Olóbaasi ti kú, onídùùrù ti kú. Ó wá ku Ládépò onígìtá, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, tí ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n. Ìbísànmí fúnra rẹ̀ ti pé ọdún mọ́kànléláàádọ́rin.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tí Akọrinlọ kú, Tẹ́júmọ́lá kan ilẹ̀kùn rẹ̀, ó sì kúnlẹ̀.

“Ẹ káàárọ̀, Ìyá.”

“Káàárọ̀. Dìde. Mo gbọ́ pé ó kú mọ́ ọ lọ́wọ́.”

“Ó kú mọ́ mi lọ́wọ́, mà.”

“Kí ló pa á?”

“Ebi ni. Àwọn awo tí Ilé Orin ti fọ̀ mọ́ kí wọ́n tó pín wọn fún ìlú ni mo fi kọ́ ọ. Wọ́n yọ àtẹ́wọ́ kúrò níbẹ̀, wọ́n yọ ikọ́, wọ́n yọ ẹkún ọmọdé. Ẹ̀rọ yẹn mọ orin, Ìyá, ṣùgbọ́n kò mọ̀ pé ènìyàn wà níwájú òun. Nígbà tó dé oríta, kò mọ ojú ẹni tí yóò wò.”

Ìbísànmí mọ ohun tó ń bọ̀. “Ìyá-awo lò ń wá, èyí tí wọn kò yọ nǹkan kan nínú rẹ̀.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Rárá.”

Ó yẹ kí á mọ ìdí tó fi kọ̀. Gíláàsì ayé ìgbà yẹn ti gbó. Ìmọ́lẹ̀ tó bá ka awo náà lẹ́ẹ̀kan sí i ni yóò pa á, yóò funfun bí ẹyin, kò sì ní sọ ohunkóhun mọ́ láéláé. Ohun tí ìmọ́lẹ̀ náà bá sì rí, ibì kan péré ló lè gbé e lọ. Láti ọdún mẹ́wàá ni Ìbísànmí kò ti gbọ́ ọ̀kankan nínú wọn. Àwọn onímọ̀ ti sọ fún un pé ìmọ́lẹ̀ mìíràn ń bọ̀, èyí tí kò ní pa gíláàsì. Ó ń dúró dè é.

“Àwọn ọ̀gá rẹ ló ní kí n ní sùúrù,” ó sọ fún Tẹ́júmọ́lá. “Ọgbọ̀n ọdún sí i, ni wọ́n wí. Èmi ò ní sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n awo á wà.”

“Oṣù mẹ́rin sí i ni ọkọ̀ máa gbéra, Ìyá.”

Ọkọ̀ òfurufú kan ń múra láti kó igba ènìyàn ó lé ogójì lọ sí ayé kan tó jìnnà, ìrìn ọdún mọ́kànlá. Kì í ṣe òun ni yóò kọ́kọ́ lọ. Igba ènìyàn dín mẹ́wàá ló wọ ti àkọ́kọ́. Kí ọdún àkọ́kọ́ tó parí, àárẹ̀ ọ̀nà mú wọn. Kì í ṣe àìsàn ara. Ẹni tó bá mú á kàn dákẹ́, á sùn kalẹ̀, kò ní jẹun mọ́. Mẹ́tàlélógójì nínú wọn ni kò dìde. Orin àkásílẹ̀ pọ̀ nínú ọkọ̀ náà, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ńṣe ni wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n pa á. Ohun tó lè gbọ́ tiwọn, kó sì dá wọn lóhùn, ni wọn kò ní.

“Ẹ̀gbọ́n mi wà nínú àwọn mẹ́tàlélógójì náà,” ni Tẹ́júmọ́lá wí. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ iye ọjọ́ orí rẹ̀.

Ìbísànmí wò ó pẹ́. “Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Ṣùgbọ́n òkú tèmi náà wà nínú gíláàsì yìí, ọmọ mi.”

Nígbà tí Dókítà lọ tán, ó wọ bàtà, ó lọ bá Ládépò lóko ẹ̀wà ìlú, níbi tí ọkùnrin náà ti ń bomi rin ẹ̀wà lábẹ́ iná. Ó mọ̀ pé Ládépò yóò gbè é.

“Bọ̀dá Ládépò, wọ́n fẹ́ jó yín.”

“Jó ta ni?”

“Ẹ̀yin. Gbogbo eré tí ẹ ṣe. Wọ́n fẹ́ fi ìyá-awo bọ́ ẹ̀rọ.”

Ládépò kò dá omi dúró. “Ṣé ẹ̀rọ náà á wá máa ṣeré dáadáa?”

“Bọ̀dá!”

“Ìyàwó wa, mo ní ìbéèrè kan. Nínú gbogbo ọdún yẹn, ǹjẹ́ mo wá bá ọ rí pé kí o jẹ́ kí n gbọ́ ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá?”

Ìbísànmí ronú. “Rárá.”

“Ọkọ rẹ ńkọ́?”

“Òun náà ò béèrè.”

“N kò gbọ́ ẹyọ kan rí nínú awo yẹn. Èyí tó lọ, ó ti lọ. Inú mi máa ń dùn tí mo bá rí ọ níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn etí rẹ, n kò parọ́. Ṣùgbọ́n àwa kọ́ là ń kó o pamọ́, ìwọ ni.”

“Kí ni mo wá fi ọdún mẹ́rìnlélógún ṣe, Bọ̀dá?”

Ọkùnrin náà wá dá omi dúró. Nígbà tó yá, ó tún ṣí omi, Ìbísànmí sì padà sílé.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi ronú. Mi ò ní sọ pé ọ̀rọ̀ Ládépò ló yí i lọ́kàn padà, tàbí ti ẹ̀gbọ́n Dókítà. Ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. Ó jí ní òwúrọ̀ kan, ó wo àwọn awo tó wà lára ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sì rí i pé fún ọdún mẹ́wàá òun ti ń ṣọ́ ilé tí ẹnikẹ́ni kì í wọ̀, títí kan òun fúnra rẹ̀. Ó ránṣẹ́ pe Tẹ́júmọ́lá.

“Èmi ni màá máa fi ọwọ́ ara mi gbé e síbẹ̀,” ó wí. “Lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.”

“Mo gbà, Ìyá. Ẹ ṣeun.”

“Má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.”

Oṣù méjì gbáko ni iṣẹ́ náà gbà. Mẹ́wàá lójúmọ́, nínú yàrá kékeré kan tó mọ́lẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ìbísànmí á tú aṣọ ara awo, á gbé e sórí ẹ̀rọ, ìmọ́lẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lórí rẹ̀. Ohùn kankan kì í jáde. Inú Akọrinlọ ni gbogbo rẹ̀ ń wọ̀ lọ tààrà. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn, ìyá àgbà á máa sọ ohun tó wà nínú awo tó ń jó lọ. “Èyí, baba kan sùn, ó ń hanrun, onídùùrù sì ń bá a hanrun.” “Èyí, aboyún kan ń rọbí láàárín eré, wọ́n sì rọra ń bá a mí títí wọ́n fi gbé e jáde.” Tẹ́júmọ́lá á máa gbọ́. Tó bá ti pé ìdajì wákàtí, awo á ti funfun. Ìbísànmí á tún fi aṣọ wé e, bí ẹni pé nǹkan ṣì wà níbẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ keje ni wọ́n dé orí awo kan tí kò tú aṣọ rẹ̀.

“Ọjọ́ Iná Kú nìyí,” ó wí.

Gbogbo ìlú mọ ọjọ́ náà. Iná kú ní Ihò-Àpáta láàárín eré, òkùnkùn ṣú biribiri, ìgbe sì ta. Bí ènìyàn tó lé lẹ́gbẹ̀rin bá rọ́ sẹ́nu ilẹ̀kùn kan ṣoṣo, wọn ì bá tẹ ara wọn pa. Àwọn Alárìnká kò dá eré dúró. Wọ́n ń ṣe é lọ nínú òkùnkùn, wọ́n ní kí oníkálùkù máa pe orúkọ ara rẹ̀, bí ẹnì kan bá sì ti pè é, gìtá tàbí ìlù á dá a lóhùn. Wákàtí kan ó lé ni wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀ títí iná fi dé. Ẹnikẹ́ni kò farapa.

Tẹ́júmọ́lá pa ìmọ́lẹ̀. “Ìyá, mo lè fo ìyẹn.”

“Tí o bá fò ó, ṣé ẹ̀rọ náà á ṣiṣẹ́?”

Dókítà lè parọ́. “Á ṣiṣẹ́,” ó wí. “Ṣùgbọ́n nínú gbogbo awo yìí, kò sí èyí tí mo nílò tó o.”

“Ọkọ mi pè mí nínú rẹ̀. Nígbà tí orúkọ fẹ́ tán, ó ní, ‘Ìbísànmí, ṣé o wà níbẹ̀?’ Mo wà lókè lórí àkàbà, mo di etí-ẹ̀rọ mú kó má baà já sọnù. Mo ní, ‘Mo wà níbí.’ Ó fi ìlù dá mi lóhùn lẹ́ẹ̀kan péré. Ilé Orin yọ ọ́ kúrò nínú ti gbogbo ènìyàn. Wọ́n ní kì í ṣe orin.”

Ó tú aṣọ náà, ó gbé awo sórí ẹ̀rọ. “Tan ìmọ́lẹ̀ rẹ.”

Lọ́jọ́ yẹn kò sọ ohunkóhun mọ́ títí awo fi funfun.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta kí ọkọ̀ gbéra, wọ́n tan Akọrinlọ níwájú àwọn arìnrìn-àjò ní ibùdókọ̀. Ládépò wá, ó mú ọ̀pá rẹ̀ dání. Ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ta gìtá jẹ́jẹ́. Obìnrin kan níwájú ń kùn lábẹ́lẹ̀, kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun ń ṣe é, gìtá sì gbé e mọ́ ọn lẹ́nu, ó yí i padà, ó dá a padà fún un. Obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan pàtẹ́wọ́, ìlù bá a wọlé. Wákàtí méjì kọjá, kò sẹ́ni tó wá bàtà. Ládépò ń sunkún, kò sì nu ojú.

“Ọwọ́ mi nìyẹn,” ó sọ fún Ìbísànmí. “Ọwọ́ mi nígbà tí kò tíì máa gbọ̀n.”

Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni, àdàkọ rẹ̀ kò ṣe é ṣe. Ó bá ọkọ̀ lọ. Ní Ihò-Àpáta, ogún awo àfọ̀mọ́ ló kù, àti ẹgbẹ̀ta ó lé mọ́kànlá gíláàsì funfun.

Lẹ́yìn ọdún kan ààbọ̀ ni ìròyìn àkọ́kọ́ tó ní ohùn nínú dé láti inú ọkọ̀ náà. Tẹ́júmọ́lá gbé e wá sílé Ìbísànmí, ó sì ránṣẹ́ pe Ládépò. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó. Wọ́n gbọ́ ariwo ènìyàn, ọmọdé ń pariwo, ẹnì kan ń lu abọ́. Lẹ́yìn náà Akọrinlọ bẹ̀rẹ̀.

Kò jọ ohun tí wọ́n mọ̀. Gìtá kò sí níbẹ̀ mọ́, ohùn kan ló wà tó dà bí ìgbà tí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ ọkọ̀ bá ń mí. Ìlù ń tẹ̀lé abọ́ tí wọ́n ń lù. Ìbísànmí, ẹni tó lè gbọ́ ọwọ́ Ṣówándé láàárín ẹgbẹ̀rún onílù, ń fetí wá a. Ó wá a títí ohùn fi tán.

“Tún un ṣe,” ó wí.

Tẹ́júmọ́lá tún un ṣe. Lọ́tẹ̀ yìí Ìbísànmí di ojú.

“Bọ̀dá, ṣé ẹ̀yin ni?”

Ládépò mi orí. “Àwa kọ́. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa níbẹ̀ mọ́.”

“Àwọn ló ń gbọ́, Ìyá,” ni Tẹ́júmọ́lá wí, ohùn rẹ̀ kò lọ sókè. “Àwọn tó wà níwájú rẹ̀ ló ń dá lóhùn. Ó ti di tiwọn. Mi ò mọ̀ pé á yá tó báyìí. Ẹ má bínú.”

“Mélòó ló ti sùn kalẹ̀?”

“Kò tíì sí, mà. Ẹyọ kan ò sí.”

Ìbísànmí mi orí sókè sódò díẹ̀díẹ̀. Ó dìde, ó di àga mú, ó sì dúró bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, bí ẹni tó gbàgbé ohun tó fẹ́ lọ mú.

“Wọ́n ń retí èsì,” ni Tẹ́júmọ́lá wí. “Kí ni kí n sọ fún wọn?”

“Sọ fún wọn pé a gbọ́,” ni ìyá àgbà dáhùn.