Ọlọ́pàá Tó Jókòó Lẹ́bàá Ilẹ̀kùn

Bí Bàbá Sájẹ́ǹtì bá ti jókòó síwájú ilé láàárọ̀, kí aládùúgbò tó ń kánjú yáa gba ẹ̀yìnkùlé ni, nítorí ìtàn àwọn olè tó mú nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́pàá kì í tán bọ̀rọ̀. Ó ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n fèrè iṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin náà ti di ọlọ́pàá. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi ẹ̀kọ́ kan dé, níbi tí wọ́n ti kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń bá ẹni tí àìsàn ọpọlọ dé sí lò.

“Wọ́n ní ọ̀rọ̀ sísọ ni wọ́n kọ́ yín,” ni Bàbá wí. “Ṣé ọlọ́pàá ni yín ni àbí alárinà? Láyé tiwa, tí mo bá fọn fèrè lẹ́ẹ̀kan, gbogbo ọjà á dọ̀bálẹ̀.”

“Bàbá, olè lẹ̀ ń fọn fèrè fún. Aláìsàn kì í ṣe olè,” lọmọ náà fèsì. Ó dé fìlà rẹ̀, ó lọ síbi iṣẹ́.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ariwo sọ ní ṣọ́ọ̀bù Káfíńtà ní òdìkejì títì. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni Káfíńtà, òun ló ṣe àga tí Bàbá jókòó lé. Ṣùgbọ́n láti bí ọjọ́ mélòó kan ni oorun ti dá lójú rẹ̀, tó ń sọ pé òun ń gbọ́ ohùn nínú pákó. Láàárọ̀ yìí, ó lé gbogbo ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ síta, ó mú ayùn, ó sì fẹ̀yìn ti ògiri. Èrò ti pé síbẹ̀. Ẹnìkan ń pariwo pé wèrè ti dé, ẹlòmíràn ń wá okùn.

Bàbá yọ fóònù. Ìyàwó Káfíńtà sáré di ọwọ́ rẹ̀ mú.

“Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ má pe ọlọ́pàá. Báyìí la ṣe pè wọ́n sí àbúrò mi nígbà tí ara rẹ̀ ò yá. Wọ́n jágbe mọ́ ọn, ó bẹ́ sáré, wọ́n yìnbọn. Títí dòní, ọ̀pá ló fi ń rìn.”

Ọ̀rọ̀ náà dun Bàbá, nítorí ó mọ̀ pé òótọ́ ni. “Ọmọ mi ni mo fẹ́ pè,” ló sọ, ó sì pè é.

Kí ọmọ rẹ̀ tó dé, ó ní kí òun fi ọgbọ́n àgbà tú àwọn èrò ká. Ó ki fèrè bọ ẹnu, ó fọn ọ́n. Dípò kí èrò tú ká, ṣe làwọn tó wà nínú ilé tún sáré jáde wá wòran. Nínú ṣọ́ọ̀bù, Káfíńtà gbé ayùn lé ọrùn ara rẹ̀.

“Wọ́n ti dé,” ló ń sọ. “Wọ́n ti dé láti kàn mí mọ́ pákó.”

Fèrè já bọ́ lẹ́nu Bàbá. Ojú tì í.

Ọkọ̀ ọlọ́pàá rọra dé, láìpariwo. Ọmọ Bàbá sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú nọ́ọ̀sì kan tó ń tọ́jú àìsàn ọpọlọ. Ọ̀dọ̀ ìyàwó Káfíńtà ló kọ́kọ́ lọ.

“Ẹ̀gbọ́n, kí ni wọ́n ń bẹ̀rù?”

“Ariwo ni wọn ò fẹ́ gbọ́. Wọ́n ní ẹnìkan fẹ́ kan àwọn mọ́ pákó. Wọ́n ti jáwọ́ nínú oògùn wọn, wọn ò sì sùn.”

Ó yíjú sí bàbá rẹ̀. “Bàbá, ẹ bá mi kó àwọn èèyàn yìí kúrò. Ẹ má fọn fèrè o, ẹ kàn bẹ̀ wọ́n.”

Láti ọjọ́ tí Bàbá ti fẹ̀yìn tì, kò gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́, àfi lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní “Ó dáa,” ó sì ń bẹ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan títí iwájú ṣọ́ọ̀bù fi dá páropáro. Nígbà tó yọjú lójú fèrèsé, ọmọ rẹ̀ ti ṣí fìlà, ó ti jókòó sórí pákó kan lẹ́bàá ilẹ̀kùn, níbi tí ayùn kò ti lè kàn án.

“Ẹ kú iṣẹ́, bọ̀dá. Èmi ọmọ Bàbá òdìkejì ni. Mi ò wá mú yín. Mo wá bèèrè àlàáfíà yín ni.”

“Ṣé ìwọ náà ń gbọ́ wọn?”

“Èmi ò gbọ́ wọn. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹ̀yin ń gbọ́ wọn, ẹ̀rù sì ń bà yín.”

Káfíńtà tẹjú mọ́ ọn. Láti ọjọ́ mélòó kan yìí, gbogbo ẹni tó bá sọ fún ló ń pè é ní onírọ́.

“Ó rẹ̀ mí,” ló sọ.

“Á rẹ̀ yín lóòótọ́. Ẹ gbé ayùn yẹn sórí tábìlì, kí apá yín sinmi. Mi ò ní kúrò níbi tí mo jókòó sí.”

Káfíńtà ṣì di ayùn mú. Ọmọ Bàbá kò kán an lójú. Níta, Bàbá ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé. Ẹ̀rù ẹ̀mí Káfíńtà ń bà á, ti ọmọ rẹ̀ náà ń bà á. Tó bá jẹ́ tirẹ̀ ni, ì bá ti fò mọ́ ọkùnrin náà tipẹ́. Ọmọ rẹ̀ kàn jókòó. Nígbà tó yá, apá Káfíńtà ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó gbé ayùn lé tábìlì, ó sì bú sẹ́kún.

“Ẹ ṣeun, bọ̀dá. Gbogbo wa la jọ máa lọ sílé ìwòsàn. Ṣé iwájú ọkọ̀ lẹ fẹ́ jókòó sí ni, àbí ẹ̀yìn?”

“Ẹ̀gbẹ́ ìyàwó mi.”

Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi rìn wọ ọkọ̀, láìsí ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Inú Bàbá dùn dé góńgó. Gbogbo ẹni tó bá kọjá ló ń dá dúró pé, “Ẹ wò ó dáadáa o. Èmi ni mo bí i.”

Nírọ̀lẹ́, ọmọ náà wá kí i. “Bàbá, a fẹ́ kọ́ àwọn ọlọ́pàá tuntun àtàwọn panápaná. A ń wá ẹni tó máa ṣe bí ọlọ́pàá tó ń jágbe mọ́ aláìsàn, kí wọ́n lè rí ohun tí kò dáa. Mo ti dárúkọ yín.”

“Ṣé o fẹ́ fi mí ṣẹ̀sín ni?”

“Kò sẹ́ni tó lè ṣe é bíi tiyín ni.”

“Ìyẹn náà kì í ṣe irọ́,” ni Bàbá wí. Nígbà tí ọjọ́ ẹ̀kọ́ náà pé, ó lọ. Ó jágbe níbẹ̀ títí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló wá bá wọn sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ náà sì kan gbogbo wa:

“Bí àìsàn ọpọlọ bá dé sí èèyàn yín, ẹ tètè gbé e lọ sílé ìwòsàn, ẹ má dúró dìgbà tó bá mú nǹkan olójú mímú. Tẹ́ ẹ bá pe ọlọ́pàá, ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé aláìsàn ni, kẹ́ ẹ sì sọ ohun tó ń bẹ̀rù àti ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ kó òǹwòran kúrò. Kí ẹnìkan ṣoṣo máa bá a sọ̀rọ̀, ní ohùn pẹ̀lẹ́. Ẹ má bá a jiyàn lórí ohun tó ń gbọ́, ẹ má dè é, ẹ má sì pè é ní wèrè. Ẹ̀yin ọlọ́pàá, ẹ ní sùúrù. Mo mú olè títí mo fi fẹ̀yìn tì, mi ò sì rántí ọjọ́ kan tí mo dá ọkọ padà fún ìyàwó rẹ̀ láàyè. Ọmọ mi ṣe é láàárọ̀ ọjọ́ kan, lórí ìjókòó.”