Kọ́ìnì Tó Gba Yàrá Ìyá

Nígbà kan, bí ẹ bá gba ẹ̀yìn ilé Jórinjórin kọjá, ẹ ó rí aṣọ tó ń gbẹ lójú fèrèsé kan, ì báà jẹ́ ọjọ́ òjò. Ooru àwọn ẹ̀rọ tó wà nínú yàrá náà ni ìyàwó rẹ̀ fi ń mú un gbẹ. Ó ní ohun kan ṣoṣo tóun ń jẹ nínú ẹ̀rọ ọ̀hún nìyẹn.

Yàrá ìyá Jórinjórin ni tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀rọ náà ń wa kọ́ìnì kírípítò, ìyẹn owó tí a kì í fọwọ́ kàn, lórí ayélujára tọ̀sán-tòru, ariwo wọn kì í jẹ́ kí ìyá sùn. Ni ìyá bá kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin.

"Ẹ fara dà á fúngbà díẹ̀, Mọ́mì," ni Jórinjórin wí. "Tí kọ́ìnì bá ti pọ̀ díẹ̀, màá kọ́ ibòmíràn fún ẹ̀rọ, ẹ ó sì padà sí yàrá yín."

Ìyá ní, "Kò burú, ọkọ mi. Ṣáà má jẹ́ kí wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì mi síta."

Kọ́ìnì ń wọlé lóòótọ́, ó sì wọ́n lọ́jà nígbà náà. Jórinjórin kò tà á. Ńṣe ló ń tì í pa sórí ayélujára kí ó lè máa mú èrè wá. Èrè náà á tún jẹ́ kọ́ìnì, òun á sì tún tì í pa.

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Ṣé kò yẹ ká mọ̀ bóyá owó orí wà lórí nǹkan yìí? Àbúrò mi tó jẹ́ akáúńtáǹtì ṣáà wà níbẹ̀. Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà."

Jórinjórin rẹ́rìn-ín. "Owó tí mi ò tíì fojú rí? Ta ló ń san owó orí ẹyin tó ṣì wà lábẹ́ adìẹ?"

Ọ̀rọ̀ yìí dùn mọ́ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Rísíìtì iná mànàmáná tí àwọn ẹ̀rọ náà ń jẹ, ó ń fi í nu gírísì ọwọ́ rẹ̀. Ó dùn mí láti sọ ọ́, torí èèyàn dáadáa ni.

Ọdún yí po, ọjà kọ́ìnì já wálẹ̀ pátápátá. Àsìkò yẹn gan-an ni ìwé dé láti ọ́fíìsì owó orí. Àbúrò ìyàwó rẹ̀ wá, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì ìyá láàárín ariwo ẹ̀rọ, ó kà á.

"Bọ̀dá, òfin tiwa ka kọ́ìnì tí ẹ wà sí owó tó wọlé fún yín. Iye tó ń lọ lọ́jà lọ́jọ́ tó bọ́ sọ́wọ́ yín ni ẹ ó san owó orí lé lórí."

"Èyí tí mo tì pa ńkọ́?"

"Èrè tó ń mú wá náà rí bẹ́ẹ̀, láti ìgbà tó bá ti di ohun tí ẹ lè mú tà. Ẹyin yẹn ti di òròmọdìẹ tipẹ́, Bọ̀dá."

"Ṣùgbọ́n kò tó nǹkan mọ́! Tí mo bá tà á báyìí, àdánù ni."

"Àdánù yẹn lè dín owó orí kù lórí èrè kọ́ìnì mìíràn tí ẹ bá tà. Kò lè pa ti àkọ́kọ́ rẹ́. Rísíìtì iná yín dà? Wọn ì bá yọ owó iná kúrò fún yín."

Jórinjórin wo ọwọ́ ara rẹ̀.

Wọ́n ta kọ́ìnì, wọ́n ta ẹ̀rọ, kò tó. Ọ́fíìsì gbà kí wọ́n máa san ìyókù díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n níbo ni díẹ̀díẹ̀ náà yóò ti máa jáde? Wọ́n fi yàrá náà gba ayálégbé.

Ìyá gbọ́ pé ẹ̀rọ ti lọ. Inú rẹ̀ dùn, ó pe ọmọ rẹ̀ lórí fóònù.

"Wọ́n ní o ti kó ẹ̀rọ kúrò ní yàrá mi. Mo ti di ẹrù mi o. Ìgbà wo lo ń bọ̀ wá gbé mi?"

Jórinjórin bú sẹ́kún.

Ẹ̀yin èèyàn wa, tí ẹ bá ń wa kọ́ìnì tàbí tí ẹ ń tì í pa fún èrè, ẹ má dúró dìgbà tí ẹ bá tà á kí ẹ tó béèrè. Òfin ìlú kan yàtọ̀ sí ti òmíràn: ẹ lọ sí ọ́fíìsì owó orí tiyín, tàbí kí ẹ bi akáúńtáǹtì. Ẹ kọ ọjọ́ tí kọ́ìnì wọlé sílẹ̀ àti iye tó ń lọ lọ́jọ́ náà, torí bí ẹ bá tà á jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn náà, àlékún yẹn lè ní owó orí tirẹ̀. Ẹ pa rísíìtì mọ́. Kí ẹ sì máa yọ owó orí sọ́tọ̀ nígbà tí ọjà ṣì dára.

Bẹ́ẹ̀dì ìyá wà níta báyìí, lábẹ́ fèrèsé tí aṣọ kì í tètè gbẹ mọ́.