Ọkùnrin Tó Ń Dá Fáìlì Mi Dúró

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí ọkọ mi, ìjà ni mo gbé lọ bá a. Ètò kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe fún ilé-iṣẹ́ wa, ní ìsàlẹ̀ pátápátá. Tí mo bá ti so ètò kan mọ́ ímeèlì, kì í dé ọ̀dọ̀ ẹni tí mo fi ránṣẹ́ sí. Wọ́n ní kí n lọ bá ẹni tó ń ṣọ́ ímeèlì lókè. Àtẹ̀gùn ni, ó sì ga.

"Ẹ̀yin lẹ ń jẹ fáìlì mi?" ni mo bi í.

Ó wò mí, ó ti rẹ òun náà. "Ohun tó bá lè dá ṣiṣẹ́ téèyàn bá ti tẹ̀ ẹ́, mi ò kì í jẹ́ kó wọlé. Ibẹ̀ ni kòkòrò ń gbà wọ kọ̀ǹpútà. Ẹ máa fi fúláàṣì gbé e wá, kí n yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ jókòó ná."

Báyìí ni mo ṣe di agunàtẹ̀gùn. Nígbà tó yá, mo ń gbé fáìlì tí kò nílò àyẹ̀wò rárá lọ. Mo nífẹ̀ẹ́ ẹ̀, òun náà sì nífẹ̀ẹ́ mi, kí ni mo fẹ́ fi pa mọ́?

Ìgbà tí màmá mi wá ń ṣàìsàn, tó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti ń lọ síbi iṣẹ́, ẹsẹ̀ mi ò lè gbé mi gun àtẹ̀gùn yẹn mọ́.

"Olólùfẹ́, ṣí ọ̀nà fún ímeèlì tèmi nìkan."

"Mi ò lè ṣe é."

"Fún èmi náà?"

"Fún ìwọ náà, ìfẹ́ mi."

Mo sunkún délé. Bàbá mi ní, "Ẹni tí kò fọkàn tán ẹ níbi iṣẹ́, ṣé inú ilé ló ti máa fọkàn tán ẹ? Fi í sílẹ̀." Mo sì fi í sílẹ̀. Ó dùn mí wọra.

Àfi ìgbà tí ọ̀gá wa ránṣẹ́ pè mí. Olè kan ti jí páásìwọ́ọ̀dù mi, ó fi orúkọ mi fi ètò burúkú ránṣẹ́ sí gbogbo ilé-iṣẹ́. Torí pé orúkọ mi ló wà lórí ẹ̀, kò sí ẹni tí kò ní ṣí i. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tí mo fi sílẹ̀ ti dá a dúró, kò dé ọ̀dọ̀ ẹnì kankan. Iṣẹ́ mi ì bá ti lọ.

Mo gun òkè lọ bá a.

"O ò ní sọ pé o ti wí fún mi?"

"Ó ti rẹ̀ mí, ó rẹ ìwọ náà. Jókòó."

Mo rò ó fún bàbá mi. "Ọkùnrin yẹn le o," ni wọ́n wí. "Ní kó wá rí mi."

A ti ṣègbéyàwó báyìí, oyún sì wà nínú mi. Lánàá mo tún gbàgbé, mo so ètò mọ́ ímeèlì, ọkọ mi tún dá a dúró. Mo di irin àtẹ̀gùn mú, mo mí kanlẹ̀. Kí n tó gbé ẹsẹ̀, mo gbọ́ tirẹ̀ tó ń bọ̀ wálẹ̀, ó gbé àga dání.