Òṣùwọ̀n Tó Wúwo Lófìfo

Òṣùwọ̀n náà ṣófo, síbẹ̀ ó wúwo.

Obìnrin tí wọ́n ń pè ní Má-fọwọ́-kàn-án ló rí i, ní òwúrọ̀, kó tó gbé báàgì sọ̀ kalẹ̀. Òun ló ń wọn sẹ́ẹ̀lì, àwọn ẹyọ bíńtín tó para pọ̀ di ara ènìyàn, nílé àyẹ̀wò kan, ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kan, bí ẹ bá sì fẹ́ rí ìjà rẹ̀, ẹ sáà fi ìka kan ẹ̀rọ rẹ̀. Ahọ́n dígí kan tó tín-ín-rín ju irun orí lọ ni òṣùwọ̀n ọ̀hún. Inú omi ló wà, ó sì ń gbọ̀n láì sinmi. Bí sẹ́ẹ̀lì bá jókòó lé e, gbígbọ̀n rẹ̀ á dẹwọ́, kọ̀ǹpútà á sì fi ìyẹn mọ bí sẹ́ẹ̀lì náà ṣe wúwo tó.

Ìṣe wọn ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ wọn ahọ́n náà lófìfo. Bí ìdọ̀tí bíńtín bá wà lórí rẹ̀, wọ́n á tẹ bọ́tìnì òdo, ẹ̀rọ á sì gbàgbé ìdọ̀tí náà bí ẹni pé kò sí láyé rí. Ṣùgbọ́n ti òwúrọ̀ yìí kì í ṣe bíńtín. Ìwúwo odindi sẹ́ẹ̀lì ènìyàn ni. Ó fi ojú sí awò tó ń sọ kékeré di ńlá, kò rí nǹkan kan. Ó fi omi tútù ṣan ahọ́n náà, ó tún ṣàn án. Nọ́ńbà náà kò yẹ̀.

"Ẹ̀rọ ló ń ṣe wèrè," ni ọ̀gá wọn wí lẹ́nu ọ̀nà. "Tẹ òdo, jàre. Dókítà ń dúró."

Òótọ́ ni. Àbúrò Má-fọwọ́-kàn-án ọkùnrin, ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo, ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní ọsibítù, tí àìsàn ń mú kí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ máa rù. Oògùn méjì ló wà, ara rẹ̀ ò sì lè gba ju ọ̀kan lọ. Èyí tó bá dá ìwúwo padà fún sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ lórí òṣùwọ̀n ni wọ́n máa fún un. Má-fọwọ́-kàn-án ti búra pé òun lòun máa mọ èyí tí í ṣe.

Ọkàn rẹ̀ kò gbà, ṣùgbọ́n ó tẹ òdo. Ó gbé sẹ́ẹ̀lì àbúrò rẹ̀ lé ahọ́n náà. Kò wúwo rárá. Ó mú òmíràn, bákan náà ni. Ó mú sẹ́ẹ̀lì aláìsàn mìíràn, ìyẹn sì wúwo bó ṣe yẹ.

Fóònù rẹ̀ dún. Nọ́ọ̀sì ni. "Ẹ tètè máa bọ̀. Àbúrò yín dákú."

Ìgbà tó fi dé ọsibítù, àbúrò rẹ̀ ti lajú díẹ̀. Ètè rẹ̀ funfun. Ó rọra fa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ́ra.

"Sísì mi, orí nǹkan tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni mo wà, nínú omi. Ó ń gbọ̀n. Ẹnì kan ń da omi tútù lé mi lórí ṣáá."

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Wọ́n gbàgbé mi. Gbogbo ayé gbàgbé mi lẹ́ẹ̀kan náà."

Ẹ̀rù bà á, ṣùgbọ́n kò sunkún. Ó sáré padà síbi iṣẹ́, ó pa òdo tó tẹ̀ rẹ́. Nọ́ńbà náà padà wá. "Dúró dè mí níbẹ̀," ló sọ fún ahọ́n òfìfo náà. "Ẹni tó bá fẹ́ gbé ọ lọ, yóò kọ́kọ́ bá mi jà."

Ó da oògùn àkọ́kọ́ sí i. Nọ́ńbà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì àbúrò rẹ̀ tó gbé lé e kò wúwo sí i. Àbúrò rẹ̀ ń yọ́ dànù! Ó yára fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ṣan oògùn náà kúrò, nọ́ńbà sì dúró níbi tó kù sí. Ó da èkejì sí i. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni ahọ́n náà fúyẹ́, bí àga tí ẹni tó jókòó lé e dìde. Ó gbé sẹ́ẹ̀lì àbúrò rẹ̀ lé e. Ó wúwo! Ìgbà yẹn ló tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, tó sunkún ayọ̀.

Wọ́n fún àbúrò rẹ̀ ní oògùn kejì, kò sì pẹ́ tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wálé. Ọ̀rọ̀ náà di ẹ̀fẹ̀ láàárín wọn. "Sísì mi, ṣé ẹ ti wọ̀n mí lónìí?"

Ó wá di òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí òṣùwọ̀n tún ṣófo, tó tún wúwo. Kíá ló pe àbúrò rẹ̀.

"Ara mi le koko," ni ìyẹn wí. "Mo ń jẹun lọ́wọ́. Sísì, kí ló dé tí ohùn yín jìnnà báyìí?"

Má-fọwọ́-kàn-án rántí pé láti ìgbà tóun ti jí ni ilẹ̀ ti ń gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ òun, tí òtútù omi sì ń mú òun. Ó fi abẹ́rẹ́ gún ìka ara rẹ̀, ó gbé sẹ́ẹ̀lì kan lé ahọ́n náà.

Nọ́ńbà náà kò kúrò lójú kan; sẹ́ẹ̀lì tirẹ̀ náà kò wúwo rárá.

"Ẹ̀rọ yìí tún ti bẹ̀rẹ̀," ni ọ̀gá wí lẹ́yìn rẹ̀, ó sì na ọwọ́ sí bọ́tìnì òdo.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án!" Ó fi ọwọ́ méjèèjì rọ̀ mọ́ apá ọ̀gá, ó fi gbogbo agbára rẹ̀ fà á sẹ́yìn. Apá náà ń lọ síwájú, bí ẹni pé kò sí ẹnikẹ́ni tó rọ̀ mọ́ ọn.