Ẹrẹ̀ Tí Mo Bá Àbúrò Mi Tún Ṣe

"Ẹ má fọwọ́ kàn án o, Bọ̀ọ̀dá!"

Àbúrò mi obìnrin ló ń pariwo mọ́ mi bẹ́ẹ̀, lẹ́bàá adágún tó ti gbẹ. Èmi kẹ̀? Èmi tí mò ń mọ búlọ́ọ̀kù, tí kò sẹ́ni tó mọ ọ́n bíi tèmi lábẹ́ ọ̀run? Mi ò kàwé lóòótọ́, àmọ́ bí ògiri bá wọ́ nílùú kejì, ẹyinjú á máa yún mi níbí.

Ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ adágún náà ti sán káàkiri bí ẹ̀yìn ìjàpá. Àbúrò mi ti wọ̀n ọ́n títí, torí wọ́n ní kí oníkálukú wọn wá ohun tí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ṣe, kó sì wọ̀n ọ́n. Lọ́jọ́ kejì, tíṣà ìṣirò máa kó kíláàsì wọn wá wò ó, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá sì dáa jù ló máa ṣojú ilé-ìwé níbi ìdíje.

"Ó rí wúruwùru," ni mo wí. "Ṣebí ìwọ lo sọ pé àwọn ojú tó wà lára èèpo ọ̀pẹ òyìnbó ní ìwọ̀n: ìlà mẹ́tàlá lọ síbí, mẹ́jọ lọ sọ́hùn-ún. Níbo nìyẹn wà nínú ẹrẹ̀ yìí?"

"Kò sí níbẹ̀. Ẹrẹ̀ ní tiẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ wo bí ìlà mẹ́ta ṣe ń pàdé síbi kan. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún wọn gan-an nìyẹn: gbogbo nǹkan kọ́ ló ń tẹ̀lé ìwọ̀n kan ṣoṣo."

Ọmọdé, kí ló mọ̀? Bó ṣe lọ tán báyìí, mo bu omi, mo po ẹrẹ̀ náà, mo tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, mo wá fọ̀bẹ gé e: gígùn ìka mẹ́tàlá, ìbú ìka mẹ́jọ. Ó gún débi pé ẹyẹ tó ń kọjá dúró lófuurufú, ó kí mi kú iṣẹ́. Gbogbo àdúgbò ni mo sọ ọ́ fún.

Ilẹ̀ mọ́, mo tẹ̀ lé wọn, mo gbé àyà síwájú. Tíṣà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó, ojú ẹ̀ le sí àbúrò mi.

"Ọ̀bẹ ló gé èyí. Ohun tí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ṣe lo ní ká wá wò, o wá lọ fọwọ́ ṣe tìẹ?"

"Búlọ́ọ̀kù ni, sà! Ẹ jẹ́ ká kó o lọ kọ́lé!" Ọmọ kíláàsì kan ló sọ bẹ́ẹ̀, gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

Àbúrò mi wo ipa ẹsẹ̀ gbàǹgbà kan nínú ẹrẹ̀, tí sílípáàsì rẹ̀ ya lẹ́yìn. Ó wá wo ẹsẹ̀ mi. Mo yára fi ọ̀kan bo èkejì. Ká ní ilẹ̀ lanu, ǹ bá kó sínú rẹ̀.

Tíṣà ti ń yíjú padà.

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, èmi ni." Ohùn mi ò ju ti ẹ̀fọn lọ. "Ti àbúrò mi dáa. Èmi ni mo bà á jẹ́."

"Mo gbà ọ́ gbọ́," ni tíṣà dáhùn. "Ṣùgbọ́n ohun tí mo wá wò ò sí mọ́."

Ọmọ mìíràn ni wọ́n mú fún ìdíje. Lójú ọ̀nà, àbúrò mi ń lọ níwájú, kò wẹ̀yìn. "Bọ̀ọ̀dá, ó dáa bó ṣe wà tẹ́lẹ̀," ló sọ, ó tán.

Àṣejù, baba àṣetẹ́. Ohun tí a ò bá mọ ìdí rẹ̀, ká bi ẹni tó mọ̀ ọ́n ká tó fọwọ́ kàn án.

Adágún ti tún gbẹ báyìí, ẹrẹ̀ ti ń sán, àbúrò mi ń wọ̀n. Èmi dúró lókèèrè, mo ká ọwọ́ sẹ́yìn. Kò sì sẹ́ni tó lè ká ọwọ́ sẹ́yìn bíi tèmi lábẹ́ ọ̀run.