Màlúù Mẹ́fà Nínú Kùrukùru

"Àwọn Faransé ti dé o! Ọ̀kẹ́ kan ọmọ ogun! Ẹṣin wọn ga ju ilé ìjọsìn lọ!"

Bí mo ṣe ń pariwo yìí ni mo ń sáré gorí afárá, tí ẹ̀rín sì fẹ́ pa mí. Màlúù mẹ́fà péré ni mo rí nínú kùrukùru. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà náà. Ní gbogbo ilẹ̀ tí àwa Gẹ̀ẹ́sì gbà mọ́ Faransé lọ́wọ́ ní Kàlé, ìlú etí òkun, kò sẹ́ni tó lè purọ́ bíi tèmi Ámísì. Bí wọ́n bá di irọ́ mi sínú ọkọ̀ ojú omi, ọkọ̀ náà á rì ni!

Mo kàn fẹ́ rí bí Bàbá Wátì, olùṣọ́ ìlẹ̀kùn omi tó ń dá òkun dúró, yóò ṣe gbé ikùn ńlá rẹ̀ sáré. Ṣùgbọ́n kò sáré. Ẹ̀wọ̀n ìlẹ̀kùn ló gbá mú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà á. Ohun tí à ń ṣe níbí nìyẹn bí ọ̀tá bá dé: a ó da òkun sórí pápá kí ẹṣin wọn lè rì sínú ẹrẹ̀.

"Bàbá, ẹ dúró! Eré ni mò ń ṣe!"

Ariwo omi kò jẹ́ kó gbọ́. Nígbà tí mo fi di aṣọ rẹ̀ mú, òkun ti kọjá, ó ti bo oko Gríìtì. Opó ará Flándà, ilẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ni Gríìtì. Òun ló ń fún mi lọ́bẹ̀ ẹ̀wà nígbà tí ìyá mi ń ṣàìsàn. Ọ̀la gan-an ló fẹ́ kórè ọkà báálì rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá ológun dé láti inú ìlú. "Ta ló ní kó o ṣí i?"

"Ojú ló tàn mí jẹ, ọ̀gá," ni Bàbá Wátì dáhùn. Kò tilẹ̀ wo ọ̀dọ̀ mi.

"Ìwọ àti ìyàwó rẹ, ẹ kẹ́rù yín. Ẹ ò gbé ilẹ̀ ọba mọ́."

Ìyàwó rẹ̀ bú sẹ́kún. Ẹnu mi tí kì í sinmi wá wúwo bí òkúta. Mo fipá là á.

"Ọ̀gá, èmi ni. Mo purọ́ fún un."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ó dà bíi pé mo wà níhòòhò láàárín gbogbo wọn.

Wọ́n fi Bàbá Wátì sílẹ̀. Èmi, wọ́n ní kí n lọ máa ṣiṣẹ́ fún Gríìtì títí iyọ̀ òkun yóò fi kúrò nínú ilẹ̀ rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, mà," ni mo wí láàárọ̀ àkọ́kọ́. N kò lè gbójú sókè.

Kò bú mi. Ó ní, "Ámísì, mélòó ni màlúù tó o rí lọ́jọ́ náà?"

"Mẹ́fà, mà."

"Èmi ni mo ni wọ́n. Ó ku mẹ́rin."

Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń ro ilẹ̀ náà kí báálì tó hù. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tí kò ṣe yín ní nǹkan kan ni irọ́ ẹ̀rín yín lè wó lé lórí. Bí ó bá sì ti wó, ẹ tètè jẹ́wọ́, kí ẹlòmíràn má baà jìyà ẹ̀ṣẹ̀ yín. Ní tèmi, bí mo bá rí mẹ́fà lónìí, mẹ́fà ni mò ń pè é.